A Lọ Wo TCU Nítorí Orin Géèmù

Bí ẹ bá gba ọ̀nà I-30 kúrò ní Dallas, tí ẹ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bí 30 máìlì ni ẹ ó wa mọ́tò kí ẹ tó dé Fort Worth. Òwò màlúù ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Títí dòní ni wọ́n ń da màlúù oníwo gígùn gba àárín títì ní Stockyards kí àlejò lè wòran. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń yà sí, tí a ó ya fọ́tò, tí a ó sì padà sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò yà. Texas Christian University ni à ń lọ, TCU lẹ́nu gbogbo èèyàn, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1873.

Kí ló gbé wa débẹ̀? Àbíkẹ́yìn wa ni. Ọdún kan ló kù kó jáde háískúùlù, ó sì ní orin géèmù lòun fẹ́ lọ kọ́. Géèmù kẹ̀! Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tó sọ sí wa lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ oníṣirò owó, ìkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Famasí la ti ń pète fún un tipẹ́. A bi í pé ta ní ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pé jọ lé e lórí, pé TCU pàápàá ti gbà wọ́n lálejò rí.

Òótọ́ ló sọ. Oṣù January 2014 ni àpérò ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí orin fídíò géèmù kọ́kọ́ wáyé, ní Youngstown, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní January 2015, ó kan TCU. Àgbà ọ̀rọ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ Winifred Phillips, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá orin náà. Èyí wù wá. Ó dà bí ìgbà tí àwọn tó ń kọ ìwé lórí ìlù bá pe onílù fúnra rẹ̀ kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin yìí wà lára àwọn tó ṣe orin God of War ní 2005. Òun ló ṣe ti Assassin's Creed III: Liberation ní 2012, géèmù tí akọni rẹ̀ jẹ́ Aveline, ọmọbìnrin New Orleans tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Faransé, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà. MIT Press tẹ ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 2014. Ní February 2025, ó gba Grammy fún orin géèmù Wizardry.

Nínú mọ́tò ni ọmọ wa ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa. Nínú sinimá, ẹni tó ṣe orin mọ ìṣẹ́jú tí ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Nínú géèmù, kò mọ̀. Ọmọ kan lè sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú kan. Òmíràn á dúró síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, á máa wá kọ́kọ́rọ́. Orin kò gbọdọ̀ tán mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ sú u. Nítorí náà, wọ́n máa ń so ìparí orin mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa yípo láìsí ẹni tó máa mọ ibi ìsopọ̀. Wọ́n tún máa ń gbà á sílẹ̀ ní ìpele-ìpele: ìlù lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, fèrè lọ́tọ̀, gbogbo wọn ń rìn ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀tá bá yọ, ìlù á wọlé. Bó bá lọ, ìlù á dákẹ́, fèrè nìkan á kù.

Ibẹ̀ la ti wo ara wa lójú. Ṣebí ohun tí à ń rí lóde àríyá nìyí! Gúdúgúdú kì í sinmi, ohun kan náà ló ń sọ. Lórí rẹ̀ ni ìyáàlù ti ń wọlé tó ń jáde, tí ojú onílù wà lára oníjó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un iye ìṣẹ́jú tí olóde yóò fi jó. Bí ẹlòmíràn bá yọ owó síta, oríkì ti yí padà kó tó dé iwájú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé onílù ń ronú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣe orin géèmù ní láti ro gbogbo ijó tí èèyàn lè jó sílẹ̀ kí oníjó tó dé.

Owó ńkọ́? A bèèrè, kò sí bí a ò ṣe ní í bèèrè. Iye ìṣẹ́jú orin tó ti parí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò owó iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù ló sì sábà máa ń ni orin náà pátápátá. Èyí kò dùn mọ́ wa rárá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìwé àdéhùn kà, ìyẹn sì wà lára ohun tí àwa fúnra wa lè kọ́ ọ.

Nínú ọgbà, a rìn dé Van Cliburn Concert Hall, tí wọ́n fi sọrí ọmọ Texas tó lọ gba ipò kìíní nínú ìdíje piano ní Moscow ní 1958. Ọmọ wa dúró, ó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń tún ibì kan náà tẹ̀ lórí piano, bóyá nígbà mẹ́wàá. A kò pè é.

A kò tí ì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ famasí o. Ṣùgbọ́n ó ti bèèrè ohun kan: ó fẹ́ kọ́ gúdúgúdú kó tó kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin onílù ẹgbẹ́ wa, bí ẹnì kan nínú yín bá ní àyè ní ọ̀sán Sátidé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán, tiwa ni.