Àwo Orin Tí Ó Kọ́ Mi Lẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà ní í dá sílẹ̀." Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Àwo orin kan ni ó fi hàn mí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1982, olùkọ́ kékeré ni mo jẹ́ ní Ìdànrè, ní ẹsẹ̀ òkè. Nínú gbogbo àwọn olórin jùjú, kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó Sunny Adé. Ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Island Records, tí ó ti gbé àwo Bob Marley jáde ṣáájú, gbé àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Juju Music jáde fún gbogbo ayé. Nígbà tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi jọ, mo sì gbé e lé giramafóònù.

Inú mi bàjẹ́. Orin tí a mọ̀ nílé a máa gba odindi ojú àwo kan. Ṣùgbọ́n orin méje ni ó wà lórí èyí, mo sì ti gbọ́ òmíràn nínú wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gé e kúrú. Mo pariwo pé, "Sunny ti ta jùjú fún òyìnbó!" Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, mo sì ti àwo náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò sé mi mọ́lé, mo tún gbé e sí i, èmi nìkan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ bí gángan ti ń sọ̀rọ̀, tí gìtá sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, gìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta, èyí tí mo ti pè ní ariwo, wá dàbí ẹni tí ń sunkún jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó wá yé mi pé òkèlè kékeré ni à ń bù fún àlejò tí kò jẹ iyán rí. Iyán náà kò yí padà. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n ti àwo kéré. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ó ti oko kòkó wá. Àròkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kún fún ẹ̀ka èdè Ìdànrè, ìkọ̀wé rẹ̀ sì wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí baba rẹ̀ pé orí ọmọ náà kò gba ìwé. Baba gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó mú un padà sí oko. Ní alẹ́ òjò náà, mo wá àròkọ yìí jáde, mo tún un kà. Ọmọ náà ti ṣàlàyé bí a ti ń fọ́ kòkó títí dé ìgbà tí a ń sá a, àti bí ìyá rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ fún èso náà, tí ó ń fetí sí i bóyá ó ti gbẹ. Kò sí ẹlòmíràn ní kíláàsì tí ó lajú sí nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí oko, mo dọ̀bálẹ̀ fún baba náà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Mo ní èmi ni, mo sì ṣìnà. Ó gbà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní láti tún kíláàsì náà ṣe, n kò sì lè dá ọdún rẹ̀ tí ó sọnù padà.

Nítorí náà, bí o bá gbọ́ orin titun, tàbí tí ọmọ titun bá wọ kíláàsì rẹ, má ṣe tètè dájọ́. Tún un gbọ́. Àwo a máa dúró dè ọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ènìyàn kì í dúró bẹ́ẹ̀.