Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí ni mo fi yan páàdì géèmù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lò lórí kọ̀ǹpútà báyìí.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti dolóògbé, ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, àfi bí a bá jókòó ti àwọn géèmù tí a mọ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí ti jẹ́ kí àtàǹpàkò máa dùn ún, àwọn ọ̀pá ìdarí kékeré tó ń mì síwá sẹ́yìn lórí páàdì òde òní kò sì bá a lára mu.

Àgbélébùú tí à ń fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Gunpei Yokoi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Nintendo, ló ṣe é fún Donkey Kong ti Game & Watch ní ọdún 1982. Ó wà lára páàdì Famicom ní 1983. Nígbà tí Super Famicom dé ní 1990, bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, méjì sì wà léjìká. Ìrísí yìí ni wọ́n ń fara wé títí dòní.

Èyí tó jọ ti àtijọ́ gẹ́lẹ́ kéré, ó sì rí pẹlẹbẹ. Ọwọ́ ọmọdé ni a fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ wa ti kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi yan Pro 2 ti ilé-iṣẹ́ 8BitDo, tó jáde ní 2021. Àgbélébùú rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìdìmú méjì tó kún àtẹ́lẹwọ́.

Ètò rẹ̀ kò le. Ẹ ó rí ohun kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí à ń tì láti lẹ́tà dé lẹ́tà: S fún Switch, A fún ẹ̀rọ Apple, D fún Android, X fún Windows. Ẹ tì í sí X kí ẹ tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà ni mo fara mọ́. Nínú géèmù tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdádúró díẹ̀ ti tó láti gbé ẹni sínú kòtò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀. Ẹ yan páàdì náà, kí ẹ tẹ Properties. Ẹ tẹ apá ọ̀tún àgbélébùú mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa mi àtàǹpàkò díẹ̀díẹ̀. Bí òkè tàbí ìsàlẹ̀ bá ń yọjú láìpè é, ẹ dá páàdì náà padà fún ẹni tó tà á.

Lọ́jọ́ tí mo parí ètò yìí, ẹ̀gbọ́n mi gbá géèmù fún wákàtí méjì láìfọwọ́ ra àtàǹpàkò. Láìgbójú kúrò nínú géèmù, ó sọ bí bàbá wa ṣe ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù, tí yóò yé àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni A àti B: ní ti Nintendo, A wà lápá ọ̀tún, B wà nísàlẹ̀, ní ti Xbox, A ló wà nísàlẹ̀. Bí géèmù orí Windows bá ní kí ẹ tẹ A, ó lè jẹ́ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, èyí tí a kọ B sí, ni yóò gbọ́. Ààyè wà nínú Steam láti pààrọ̀ wọn. Ní tèmi, àyè bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀ lé, kì í ṣe lẹ́tà orí rẹ̀. Ọwọ́ kò mọ̀wé, àyè ló mọ̀.

Ire o!