Ọ̀nà Kétu: Mọ́ṣáláṣí Tí Ogun Dàhòmì Kó Lọ

Láti Ìlaròó ni mo ti gbéra, mo gba Ayétòrò kọjá, ìlú tí àwọn tí ogun àtijọ́ fọ́n ká kóra jọ tẹ̀dó, kí n tó dojú kọ Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá ní ẹnu ààlà, nítorí pé Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin ni mo ń lọ, Kétu ọmọ Alákétu, ìlú oníyàrà jíjìn, níbi tí mo ti fẹ́ tọ pinpin ìtàn mọ́ṣáláṣí àtijọ́ àti àwọn tó ni ín. Ìmẹ̀kọ, níbi tí sàárè Oshoffa olùdásílẹ̀ Ìjọ Mímọ́ láti Ọ̀run Wá wà, ìbá dá mi dúró, ṣùgbọ́n aláṣọ funfun kọ́ ni mo bá wá.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì. Aṣọ́bodè tó yẹ ìwé mi wò fi Faransé bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo kí i lédè tiwa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, bàbá.”

Ní Kétu, Àkàbà Ìdènà ni mo kọ́kọ́ lọ wò, ẹnu-bodè olódi tí ọ̀tá kò fi ipá ṣí rí. Láti ibẹ̀ ni mo ti dé Masafẹ, àdúgbò àwọn mùsùlùmí, tí ẹ̀sìn wọn ti wà ní Kétu ṣáájú kí àlùfáà onígbàgbọ́ Àjàyí Crowther tó wá bẹ ìlú náà wò ní oṣù kìn-ín-ní 1853, tí Alákétu sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ọba tó fi ìmàle sí àárín ìlú tòun ti òrìṣà kò rí ìdí tí yóò fi lé onígbàgbọ́.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kétu gbọ́, ó sì rí, nítorí pé Dàhòmì ti kọ lù ú ṣáájú, síbẹ̀ nígbà tí ogun Glele, ọba Dàhòmì, tún dé ní 1886, tí wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi wọlé, ẹ̀tàn ló parí ohun tí ìbọn kò lè parí: wọ́n kó ìlú, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó ará Kétu, onífá àti oníkéwú, lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní ìdè. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí òde òní sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, àlàpà lo ń wá? Amọ̀ ti padà di amọ̀. Àwọn tó ti Àgbómẹ̀ bọ̀ ni kí o bi mí.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán mi létí abúlé ilẹ̀ Àméníà tí àwọn ará Azerbaijan fi sílẹ̀ láàárín 1988 sí 1991, nígbà tí àwọn ará Àméníà náà ń sá kúrò ní Azerbaijan. Mọ́ṣáláṣí tí àwọn ará Azerbaijan fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní olùkírun mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju iná Glele lọ, nítorí pé àwọn ará Kétu ní tiwọn padà wá. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, ìdè já, wọ́n ru ẹrù wọn padà sórí ilẹ̀ wọn. Ní 1894 Onyegen jọba gẹ́gẹ́ bí Alákétu, àwọn mùsùlùmí tó bọ̀ sì tún Masafẹ tẹ̀dó.