Ẹni Tí Ohunkóhun Kò Dùn

Láàárọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ bá ń jáde láwọn ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ẹni tí ara ń ro nìkan ló ń yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹni tí ara ò ro ti ń sáré wá ọkọ̀ Agége. Òun gan-an lọ̀rọ̀ mi bá wí.

A ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ni pé ó tún lè mú kí nǹkan míì má dunni tó bó ṣe yẹ. Ní 1979, Zamir àti Segal rí i pé eku tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kì í tètè mọ ìrora lára. Lọ́dún kejì, Zamir àti Shuber fi iná mànàmáná díẹ̀ kan eyín àwọn èèyàn. Iná tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru gbà kí wọ́n tó ní ó dun àwọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á nìyí: inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ni ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tì jù, ẹ̀ṣọ́ náà á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì dín ìrora kù. Ara wa fúnra rẹ̀ máa ń pèsè ohun tó jọ mọfíìnì, oògùn tó ń pa ìrora, ó sì jọ pé òun ni ọpọlọ ń lò. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní naloxone, oògùn tó ń dínà fún mọfíìnì, ìrora padà wá. Lára èèyàn, àbájáde ò fi bẹ́ẹ̀ bára mu.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé páálí l'Ágége: 190 lórí 110. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Nọ́ọ̀sì, orí ò fọ́ mi o. Àyà ò dùn mí.”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún na apá yín.”



Àmọ́ pé àyà ò dunni kò ní kí ewu má sí. Ní Framingham, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìlera ará ìlú láti 1948, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni àìsàn ọkàn òjijì sábà máa ń kọlù láìmọ̀.

Ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ yàtọ̀. Ẹ̀yìn tí páálí ti bà jẹ́ lọ́dún mélòó kan kì í rí ìdẹ̀ra yẹn gbà mọ́. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ ló ń gbéni dé ìdí tramadol, oògùn ìrora tí wọ́n ń tà lábẹ́ káńtà. Ibuprofen àti diclofenac tí gbogbo wa fọkàn tán náà ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́. Oníkẹ́míìsì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ó ní BP, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n rí á ní òun ò ní.