Ẹ Dín Fọ́ltéèjì Kù, Ẹ Má Fi Kún Un

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa fi fọ́ltéèjì kún GPU yín kí game lè sáré sí i, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ń yọ tèmi kúrò ni. Káàdì mi ń falẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi lóru kan ti pọ̀ sí i. Kì í ṣe àlọ́ o, ìṣirò ni. Thread 🧵

2/ Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: animation ni mo fi ń jẹun. Ìpolówó kéékèèké fún àwọn tó ń tajà lórí Instagram, ilé oúnjẹ, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. GTX 1070 tòkunbọ̀ ni mò ń lò. 2016 ni Nvidia gbé e jáde, 8GB, 150 wáàtì. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n òun lagbára mi ká. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ iná wa nìyẹn.

3/ Fún ẹni tí kò bá mọ̀: nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì níbí. Clock ni iye ìgbà tí chip ń mira láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 1,900 MHz, bílíọ̀nù 1.9 ìgbà nìyẹn. Fọ́ltéèjì ni agbára tó ń ti iná gba inú ẹ̀ kọjá. Tí clock bá ga tí fọ́ltéèjì ò tó, chip á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ìṣirò ṣe, ojú kọ̀ǹpútà á kàn ṣú lójijì.

4/ Overclock ni kó o mú clock kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi sí. Volt mod ni kó o tún fi fọ́ltéèjì tì í lẹ́yìn kí clock yẹn lè dúró. Àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ìkejì ló ń tètè sọ káàdì di òkú.

5/ Mi ò bú overclock o. Ọgbọ́n ẹni tówó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ní 1998, Intel ń ta chip kan tó ń jẹ́ Celeron 300A, 300 MHz, kò wọ́n rárá. Àwọn èèyàn wá rí i pé tí wọ́n bá ti gbé bus ẹ̀ láti 66 lọ sí 100 MHz, 450 MHz ló máa sáré. Chip ẹlẹ́bà ń bá Pentium II olówó gọbọi figagbága!

6/ Nígbà tó di 2000, ó kan pẹ́ńsù. Bẹ́ẹ̀ ni, irú pẹ́ńsù tá a gbé lọ sí WAEC. AMD ti gé àwọn ọ̀nà iná tín-ín-rín kan lójú Athlon àti Duron kí ẹnikẹ́ni má baà yí multiplier ẹ̀. Àwọn ọmọ gbé pẹ́ńsù, wọ́n fi kun ojú ibi tí wọ́n gé, torí pé graphite inú pẹ́ńsù ń gbé iná. Ló bá ṣí.

7/ Wọ́n gbé pẹ́ńsù kan náà dé orí GPU. Resistor kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń pín fọ́ltéèjì mọ iye tó ń gbé jáde. Tó o bá fi pẹ́ńsù kùn ún, resistance ẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á rò pé fọ́ltéèjì òun ti lọ sílẹ̀, á wá fi kún un. Irọ́ gidi ni wọ́n ń pa fún un 😂. Tó bá sú ẹ, fi rọ́bà nù ún kúrò.

8/ Àwọn ilé iṣẹ́ náà ò sùn. Lórí ìran káàdì tèmi, ìyẹn Pascal, Nvidia fi ìbuwọ́lù sí BIOS: tó o bá tún un ṣe fúnra ẹ, káàdì ò ní gbà á. Ló bá di shunt mod. Wọ́n á fi sódà lẹ resistor mìíràn mọ́ orí èyí tó ń wọn iná. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ìdajì iná tó ń jẹ ni káàdì máa rò pé òun ń jẹ.

9/ Àwọn tó ń fi í ṣe ìdíje tiẹ̀ ń da liquid nitrogen sórí ẹ̀, −196°C. Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń lé. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ya àwòrán ẹ̀, wọ́n á lọ sùn. Mo kí wọn, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n yàrá tèmi lóṣù March, 33°C ni kí n tó tan kọ̀ǹpútà rárá. A ò sí nínú ìdíje kan náà.

10/ Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Iná tí chip ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ń tẹ̀lé clock ní gbọọrọ: clock fi ìdá 5 nínú 100 ga, iná náà fi ìdá 5 ga. Ṣùgbọ́n fọ́ltéèjì ò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ltéèjì lọ́nà fọ́ltéèjì ni. Díẹ̀ tó o bá fi kún un, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa san án.

11/ Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Chip kan wà ní 1.05 fọ́lítì. Ká ní o gbé e sí 1.15. Kò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ, àbí? Iná tó ń jẹ ti fi ìdá 20 lọ sókè, clock ò sì tíì kúrò níbi tó wà. Wá fi ìdá 5 kún clock, ó di ìdá 26. Game tó ń ṣe 60 fps tẹ́lẹ̀ ò lè ju 63 lọ. Frame mẹ́ta! Gbogbo iná tó ń jẹ yẹn sì ń di ooru nínú yàrá tó ò ń sùn.

12/ Ó yá, ẹ yí i padà. Láti 1.05 lọ sí 0.85. Iná fi bí ìdá 35 nínú 100 wálẹ̀. Tó o bá tún mú clock láti 1,900 wá sí 1,800, ó di bí ìdá 38. Eré tó o pàdánù ò ju ìdá 5 àti díẹ̀ lọ. Undervolt ni wọ́n ń pe èyí.

13/ "Ṣé ilé iṣẹ́ ò mọ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ ní 0.85 ni?" Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n chip tí wọ́n gé lára awo kan náà kì í dọ́gba. Ọ̀kan á fi fọ́ltéèjì díẹ̀ sáré, èkejì á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò lè jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bá dá fọ́ltéèjì tí èyí tó lẹ jù lọ máa gbà. Bí aṣọ "free size" ni: ara ẹni tó sanra jù nínú ẹbí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tíwọ bá tín-ín-rín, gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

14/ Ọ̀rọ̀ ooru náà wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò káàdì lórí YouTube, nínú yàrá tútù ni wọ́n wà. Tí káàdì bá wà ní 70°C nínú yàrá 22°C, gbé e wá sí yàrá 33°C, á sún mọ́ 81. 83°C sì ni GTX 1070 ti ń mú clock ara ẹ̀ wálẹ̀. Ìyẹn ni pé o ń san owó iná gbogbo eré tí kò ní ráyè sá.

15/ Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó máa ń to kọ̀ǹpútà fáwọn èèyàn, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àbúrò, o ra ọkọ̀ tán, gíà kejì lo wá fẹ́ máa fi wà á?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ta ló ń ra epo ọkọ̀ náà?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wọlé, ó gbé watt-meter ẹ̀ fún mi. "Lọ wọ̀n ọ́n. Tó bá jóòótọ́, wá fi hàn mí."

16/ Mo wọ̀n ọ́n. Gbogbo kọ̀ǹpútà mi, nígbà tó bá ń render, ń jẹ 215 wáàtì tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn undervolt, 170. Frame kan tó ń gba ìṣẹ́jú 2 wá ń gba ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹ di nọ́ńbà mẹ́rin yìí mú.

17/ Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ lásìkò yẹn. Ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 20, frame 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 480. Ọjọ́ Wednesday ni mo parí tító ẹ̀, àárọ̀ Friday ni oníbàárà fẹ́ gbà á. Òru méjì péré. Ìyókù owó iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi kún owó ilé, lándílọ́ọ̀dù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lákìítúnkí.

18/ Inverter mi ní bátìrì kan, 200Ah, 12 fọ́lítì. 2,400 watt-hour ló kọ sára, ṣùgbọ́n irú bátìrì yẹn, tó o bá fa kọjá ìdajì lójoojúmọ́, ò ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú ni. Nítorí náà 1,200 ni tèmi. Ẹ jẹ́ ká fojú fo èyí tí inverter fúnra ẹ̀ ń jẹ.

19/ Ní 215 wáàtì: wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 35. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni inverter á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo ilé á jí. Frame 167.
Ní 170 wáàtì: wákàtí 7. Ilẹ̀ á ti mọ́. Frame 201.

20/ Ẹ tún un kà. Káàdì tó ń falẹ̀ ló ṣe frame 34 ju èyí tó ń sáré lọ, lórí bátìrì kan náà. Benchmark kan ò ní fi èyí hàn ẹ́, torí pé àwọn tó ń ṣe benchmark kì í bi iná léèrè pé "ṣé wàá dúró?"

21/ Òru méjì: 334 pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, 402 pẹ̀lú undervolt, tí NEPA bá fún wa níná lọ́sàn-án láti fi kún bátìrì. Ó fún wa. Èyí tó kù, gen ló máa gbé e. Ti tẹ́lẹ̀ ì bá gba gen ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 52. Tèmi gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 44. Wákàtí méjì epo pẹtiróòlù, ẹ lọ ṣírò ẹ̀ nínú náírà tòní.

22/ Iṣẹ́ dé ọwọ́ oníbàárà ní aago mẹ́jọ kù díẹ̀ lọ́jọ́ Friday. Mo gbé watt-meter padà fún ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pè mí: "Àbúrò, kọ́kọ́ kí wo lẹ ní kí n tẹ̀?" 😂

23/ Kọ́kọ́ náà rèé. MSI Afterburner, ọ̀fẹ́ ni, kò dìgbà tí káàdì ẹ bá jẹ́ ti MSI. Ṣí i, tẹ Ctrl+F. Ìlà kan á jáde: fọ́ltéèjì nísàlẹ̀, clock lápá òsì. Kọ́kọ́ fa Core Clock sí −250 kí gbogbo ìlà wálẹ̀. Wá àmì 850 mV, fà á sókè dé 1,800. Tẹ Apply. Gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó parí.

24/ 850 àti 1,800 ni ti GTX 1070 tèmi o. Tìẹ lè má gbà á, kódà kó jẹ́ 1070 kan náà. Ṣé ẹ rántí télọ̀? Tí ojú ẹ̀ bá ṣú tàbí tí app bá kú, mú clock wálẹ̀ ní 25, tún gbìyànjú. Fọ́ltéèjì tó kéré ò ní jó káàdì ẹ. Ohun tó le ṣe jù ni kó kú lẹ́nu iṣẹ́, kó o tún un tàn.

25/ Má tíì tẹ "Apply at startup" o. Lò ó fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe pẹ̀lú test nìkan, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ò ń ṣe gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń render, ẹ ṣe frame kan pẹ̀lú ètò ilé iṣẹ́, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú undervolt, kẹ́ ẹ gbé wọn síra. Tí àmì tó-tò-tó tó ò mọ ibi tó ti wá bá wà níbẹ̀, clock ti pọ̀ jù nìyẹn.

26/ Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù. Tí káàdì bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ pààrọ̀ paste ẹ̀. Ẹ̀yin AMD, ètò fọ́ltéèjì wà nínú app Radeon fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin oní-laptop, ilé iṣẹ́ míì ti tì í pa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

27/ Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe shunt mod, mi ò ní dì ẹ́ lọ́wọ́. Kàn rántí: nígbà tó o bá ti purọ́ fún káàdì nípa iná tó ń jẹ, kò lè dáàbò bo ara ẹ̀ mọ́, kò sì lè dáàbò bo power supply ẹ. Àwọn kan ń fi liquid metal ṣe é. Tó bá kán sórí aluminium, á jẹ ẹ́ run. Má sì fi káàdì tó ò ń fi jẹun ṣe é.

28/ Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Manchester tó ń ṣe undervolt nítorí ariwo fáànù. Ó ní kò jẹ́ kóun gbọ́ podcast dáadáa. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tó jẹ́ fàájì fún un, òun ló ń jẹ́ kí èmi fi iṣẹ́ jíṣẹ́ lásìkò. Inú mi ì bá dùn ká ní fàájì náà ló jẹ́ fún mi.

29/ Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, a ò ní torí ẹ̀ jókòó. Àwọn ti 1998 wo chip tí owó wọn ká, wọ́n bi í pé "kí lo fi pa mọ́?" Ìbéèrè kan náà lèmi bi tèmi. Eré ni tiwọn fi pa mọ́. Iná ni tèmi fi pa mọ́.

30/ Ẹ ju orúkọ káàdì yín sísàlẹ̀, ká jọ wá ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀. Tó o bá sì mọ ẹnì kan tó ń fi gen render lóru òní, jọ̀ọ́, RT kó rí i kó tó lọ ra epo.