Mo Lẹ́nu, N Kò Létí

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún 2019, mo di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́, mo sì pè é ní ọgbọ́n.

A ṣí àdírẹ́sì Gmail kan fún ìkéde ìjọ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a ń fi ètò ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé wìtìwìtì: “Àmín,” “Ẹ kú iṣẹ́,” “Ta ni yóò wàásù?” Ó sú mi. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà, mo ní, “Ọmọ mi, ṣe é kí ó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má gba ọ̀kankan.”

Ó ní, “Dádì, Gmail kò ní bọ́tìnì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè pàṣẹ fún un kí ó máa da gbogbo èyí tó bá wọlé sí ààtàn.” Mo ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara tù mí.

Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo kí ìyá àgbà kan, opó, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn. Ojú rẹ̀ kò dán sí mi. Mo bi í léèrè, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí ọmọ-ọmọ mi kọ̀wé sí yín pé àkọ́bí mi wà ní ọsibítù. Ẹ kò dáhùn.”

A sáré wo ààtàn náà. Ẹyọ kan la bá. Gmail máa ń pa ohun tó bá ti pé ọgbọ̀n ọjọ́ níbẹ̀ rẹ́. Méjì àkọ́kọ́ ti lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ọmọ rẹ̀ ti padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ló dúró tì í, kì í ṣe èmi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá là mí lọ́yẹ. Fífi lẹ́tà ránṣẹ́ àti gbígbà á, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìlànà SMTP tí a fi ń ránṣẹ́ jáde ní 1982. POP, tí a fi ń kó lẹ́tà nínú àpótí, jáde ní 1984. Ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ lè kéde, nípa ìlànà kan tó jáde ní 2015, pé òun kì í gba lẹ́tà rárá. Ẹni tó bá kọ̀wé sí i yóò gba ìròyìn pé lẹ́tà òun kò dé. Ìyẹn ṣì sàn. Tiwa ló burú: a gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá, a sì sọ ọ́ nù láìwí fún un. Ó rò pé mo kà á ni.

A pa àṣẹ náà rẹ́. A fi àdírẹ́sì mìíràn, tí akọ̀wé ìjọ ń ṣí láràárọ̀, sí ibi tí wọ́n ń pè ní Reply-To. Ibẹ̀ ni èsì ń gbà lọ báyìí. A sì kọ nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìkéde.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí, kò burú bí ẹ bá ti etí kan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ ti í, kí ẹ sì fi etí kejì hàn wọ́n.