Ipò Kan, Ènìyàn Méjì

Ní etí omi wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, bí ọ̀rọ̀ ẹja bá tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó kù. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ní èbúté Igbókòdá, mo ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé mi re ilé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń jiyàn níbẹ̀. Èkíní ní kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún fún Nàìjíríà bí kò ṣe Ola Aina. Èkejì sì fi àáké kọ́rí pé Bright Osayi-Samuel ni. Wọ́n jiyàn títí ọkọ̀ fi dé, wọ́n sì jiyàn wọ inú ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ bá wa dá a.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dá a lójú ẹsẹ̀, nítorí ìdí kan tí n óò sọ.

Kí a tó fi ènìyàn méjì wé ara wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán wọn. Iṣẹ́ ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn ọ̀tún dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, atukọ̀ ni a ń yìn. Bí omi bá kún inú ọkọ̀, ẹni tí ń gbọ́n ọn ni a ń bú. Ó gbọ́dọ̀ dènà àwọn asáré tí ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀. Bí ikọ̀ rẹ̀ bá sì gba bọ́ọ̀lù, ó gbọ́dọ̀ lọ ran àwọn ará iwájú lọ́wọ́, kí ó sì tún sáré padà kí ilé má baà ṣófo.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí Aina ní ọdún 1996, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ Chelsea. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó yàn ní ọdún 2017 láti máa gbá a fún ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Torino ní ilẹ̀ Ítálì, kí ó tó lọ sí Nottingham Forest ní ọdún 2023. Ìfarabalẹ̀ ni ó mú un yàtọ̀. Kì í sáré pàdé ọ̀tá láìnídìí. A máa dúró, a máa wo ẹsẹ̀ ẹni náà, kí ó tó na ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, nítorí náà ó lè ṣọ́ ọ̀tún, ó sì lè ṣọ́ òsì.

Ní ti Osayi-Samuel, Nàìjíríà níhìn-ín ni a ti bí i, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1997, kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọdé. Kì í ṣe ẹ̀yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Blackpool àti ní Queens Park Rangers. Lẹ́yìn tí ó dé Fenerbahçe ní ilẹ̀ Tọ́kì ní ọdún 2021 ni iṣẹ́ ẹ̀yìn wá di tirẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé iwájú. Bí ó bá gbé bọ́ọ̀lù, eré ni. Bí ó bá sì fi èjìká kan ọ̀tá, ọ̀tá náà yóò mọ̀ pé òun pàdé ènìyàn. Ewu ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó bá rìn jìnnà kì í tètè dé ilé.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni a jọ ń du ipò yìí kan náà. Orí iyanrìn etí òkun ni pápá wa wà. Òkun tí ó ń gbé ilé àwọn ará Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti gbé pápá náà lọ pẹ̀lú. Mo lè sáré ju ọ̀rẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n òun kì í fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ka orúkọ, tirẹ̀ ni ó kà. Ó ní kí èmi bá wọn lọ bí arọ́pò. Inú bí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo ní ara mi kò yá. Mo dùbúlẹ̀ sí ilé, mo ń gbọ́ ìró àjẹ̀ wọn bí ọkọ̀ ti ń lọ. Kí eré tó dé ìdajì, ọ̀rẹ́ mi fi ẹsẹ̀ rọ́. Kò sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ó sì ń tiro lórí pápá títí eré fi parí. Ayò mẹ́ta ni wọ́n jẹ wọ́n, apá ọ̀tún sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ wíwú rìn wá sí ilé wa, ó bi mí bóyá ara mi ti yá. Ìbéèrè náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Ìdí nìyí tí n kì í fi ojú eré wo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí. Ní ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí a ṣe ní Côte d'Ivoire ní ọdún 2024, Aina ni ó ni ọ̀tún. Osayi-Samuel kò ní ara òun kò yá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, nígbà tí Nàìjíríà pàdé Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké, apá òsì ni wọ́n fi í sí, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀mì ni eré náà, ayò kan sí ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá gbá pẹ́náritì, Aina tí a ń yìn pàdánù tirẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ́lé wọn, Stanley Nwabali, mú méjì, Nàìjíríà sì borí. Nígbà tí ìdíje mìíràn dé ní Mòrókò ní òpin ọdún 2025, Aina ti farapa, kò lè lọ. Osayi-Samuel ni ó di ọ̀tún mú, Nàìjíríà sì gba ipò kẹta.

Mo wá dá ẹjọ́ náà fún àwọn ọmọ inú ọkọ̀. Mo ní, bí a bá fẹ́ kí ilé dúró, Aina ni n óò kọ́kọ́ pè. Bí ayò bá wọ́n wa, tí àkókò sì ń lọ, kí Osayi-Samuel wọlé. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ mọ́kànlá péré ni olùkọ́ yóò kà. Bí kò bá ka tiyín, ẹ bá wọn wọ ọkọ̀.